Onífọ́tò Tó Wọ Bàtà Ẹsẹ̀ Kan

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Keje

Olóòtú ti dá orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ìwé mi tuntun padà. Ó kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù kí ara má baà ta mí jù, ara sì ta mí náà. Ọmọdébìnrin tí mo lè bí lọ́mọ! Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Òkú yín ò wù mí."

Mo ní kí ló fẹ́ kí òkú ṣe, kó máa jó?

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. Ó ní àwọn tó ń ra ìtàn ìfẹ́ òkú àti alààyè fẹ́ kí òkú náà wù wọ́n débi pé tó bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á sáré ṣí i. Ó ní Télọ̀, obìnrin alààyè inú ìtàn náà, dáa díẹ̀, ó kéré tán ó máa ń bínú. Ṣùgbọ́n Onífọ́tò, òkú náà, kàn dúró sígun ṣọ́ọ̀bù bí àga tí ẹnikẹ́ni ò rà, kò ní ohun tó ń wá. "Kí ló dé tí kò fi lọ, sà? Ó ti kú, ṣọ́ọ̀bù ti di ti Télọ̀, kí ló ṣì ń ṣe níbẹ̀?" Mo ní ikú òjijì ló pa á. Ó ní, "Sà, gbogbo ẹni tó kú ló kú lójijì."

Inú bí mi nítorí pé òótọ́ ló sọ. Ó fẹ́ kí gbogbo ìwé náà dé ọwọ́ òun nígbà tí oṣù Kẹjọ bá ń parí lọ. Mo ní kò burú. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ìyàwó mi sùn lọ sórí àga ẹ̀. Mo fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ẹ̀, kò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Mo kọ ojú ìwé kan. Mo fà á ya. Òjò.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje

Ọmọ wa pè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: kí òun wá mú Mọ́mì lọ sọ́dọ̀ òun, yàrá wà, ọkọ òun ti gbà, dókítà tó mọ̀ nípa àrùn ìgbàgbé ò jìnnà sí wọn. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà ti dàgbà." Mo ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni àgbà, kó wá fi ọlọ́pàá mú mi. Ó dákẹ́. Tí ọmọ yìí bá ti dákẹ́ ni mo máa ń bẹ̀rù ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló jọ.

Níkẹyìn, a fẹnu kò. Tó bá dé ní ìparí oṣù Kẹjọ, á bi ìyá ẹ̀ lójú mi pé ta ni mí. Tó bá mọ̀ mí, kò lọ síbì kankan. Tí kò bá mọ̀ mí, mi ò ní jiyàn. Èmi fúnra mi ni mo dá a lábàá. Ẹnu mi máa ń yá ju orí mi lọ.

Ó mọ̀ mí láàárọ̀ òní. Ó ní, "Ìwọ, o ò tíì fá irùngbọ̀n." Kò sí ẹlòmíì tó ṣẹ́kù láyé tó ń pè mí ní ìwọ. Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní, "Ẹ ṣeun o, sà."

Ajé, 7 Oṣù Keje

Mo dán an wò lónìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ṣe é kẹ́yìn, kí àìsàn tó dé ni. Nọ́ọ̀sì aládùúgbò wa, tó máa ń yà bá wa kó tó lọ síbi iṣẹ́, ti wẹ̀ fún un. Ó ti jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, ojú ẹ̀ mọ́. Mo gbé àga onígi síwájú ẹ̀, mo jókòó, mo ní, "Tíṣà, ẹni tuntun dé." Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn láti ìwé mi àkọ́kọ́. Ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn kì í ṣe èmi mọ́, ẹni inú ìwé ni, ìyàwó mi tó jẹ́ tíṣà á sì bi í ní ìbéèrè bí ẹni ń bi ọmọ kíláàsì. Irọ́ tó bá pa, kíá ni ìyàwó mi máa gbá a mú.

Ọlọ́run mi, ṣe ni ọrùn ẹ̀ nà! Ó fi ọwọ́ tún ẹ̀wù ẹ̀ ṣe.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Onífọ́tò ni mí, mà."

"Ṣé o ti kú?"

"Mo ti kú, mà."

"Ṣé bí òkú ṣe ń jókòó nìyẹn? Jókòó dáadáa." Mo jókòó dáadáa. "Nígbà tó o kú, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Kámẹ́rà mi, mà."

"Irọ́! Ohun tó máa dùn-ún gbọ́ ni gbogbo yín máa ń sọ. Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mi ò mọ ibi tí ìdáhùn náà ti wá. Mo ní, "Bàtà, mà. Mo ti wọ ọ̀kan, ìkejì wà lọ́wọ́ mi."

Ó fara balẹ̀ wò mí. "Ẹni tó bá ń wọ bàtà, ó ń jáde lọ ni. Ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ obìnrin kan, mà."

"Ṣé ó mọ̀ pé ò ń bọ̀?"

"Kò mọ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tòótọ́, tó ń mi èjìká ẹ̀. "Áà! Títí di òní, o ò tíì débẹ̀!"

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn, kí n má tan ara mi, ó ti lé lọ́dún. Ìyẹn ló mú kí n gbàgbé. Tá a bá parí, ó yẹ kí n dìde, kí n gbá ìjókòó àga lẹ́ẹ̀mejì, kí n ní, "Ó ti lọ," kí òun náà ní, "Kó máa lọ 're." A kì í fo ìyẹn láéláé. Lónìí mo kàn jókòó síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀, títí kẹ́tùlù fi ń pariwo, mo bá sáré wọ kíṣìnnì. Nígbà tí mo gbé tíì dé, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ẹ ṣeun, sà. Ọkùnrin tó jókòó síbí ńkọ́? Ṣé ó ti lọ ni, kò lè dágbére?"

Ṣùgbọ́n mo ti rí bàtà. Mo kọ̀wé títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje

Ìyàwó mi ní kí Nọ́ọ̀sì bá òun ṣe irun òun dáadáa. Láti èṣí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irun yẹn. Nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ta ló ń bọ̀? Mọ́mì ní ẹnìkan ń bọ̀ wá kí àwọn." Mo ní kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ká olè mọ́.

Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

Mo pinnu láti tún un ṣe. Mo jókòó sórí àga náà, mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ohùn Onífọ́tò, mo dìde, mo gbá àga lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Ó ti lọ."

Mo dúró kó ní kó máa lọ 're. Ṣe lojú ẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ó lọ síbo?"

"Ó padà sínú ìwé."

"Ìwé wo?" Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó ń sunkún. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo pè é ní gbogbo orúkọ tí mo máa ń fi kẹ́ ẹ, ó ń sá fún ọwọ́ mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú mi, mo padà lọ jókòó, mo ní, "Mo ti dé."

Ó nu ojú ẹ̀. Ó ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́, ṣó o gbọ́?"

Onífọ́tò tí ìyàwó mi ò tíì mọ̀ ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó ń pè é ní ìwọ. Èmi, ẹ̀yin.

Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Keje

Ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Tó bá jẹ́ pé Onífọ́tò ló fẹ́ràn, kí n fi ara mi sínú Onífọ́tò. Nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ, mo máa ń súfèé lábẹ́ fèrèsé ilé àwọn tíṣà, òun á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bó ọsàn tí èèpo ẹ̀ kò fi ní já, mo sì máa ń fi èèpo náà kọ́ ọ létí bíi yẹtí. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú orí karùn-ún. Òkú ò lè fọwọ́ kan ọsàn, òfin ìwé nìyẹn, nítorí náà Télọ̀ ló ń bó o, Onífọ́tò ń darí ọwọ́ ẹ̀ pẹ̀lú ẹnu nìkan: rọra, má gbé ọ̀bẹ sókè, yí ọsàn, má yí ọwọ́. Mi ò lérò pé mo ti kọ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo kà á sí i létí, mo ń wo ojú ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọkùnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣìkẹ́ obìnrin."

"Ta ló jọ lójú ẹ?"

"Kò jọ ẹnì kankan. Ọkọ mi ò mọ irú ẹ̀ ṣe."

"Ọkọ rẹ dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́. Ìwé ló máa ń kọ. Èèyàn dáadáa ni o, ṣùgbọ́n tó bá ti mú bírò báyìí, ilé lè wó lù ú."

Mo wọ báfúróòmù lọ, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà. Ẹni tí mo fi bírò dá ni mò ń jowú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Keje

"Sà! Ibo lẹ ti rí ọkùnrin yìí?" Olóòtú nìyẹn, ó ń pariwo sí mi létí. Ó ní bàtà ẹsẹ̀ kan yẹn pa òun, ọsàn yẹn tún wá sin òun. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí Télọ̀. Ó ní obìnrin náà rọrùn jù. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọwọ́, ó ní ẹnu, àwọn ọkùnrin tó ń mí kún ìgboro, kí ló fẹ́ fi òkú ṣe?

Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá ìyàwó mi, láìlo àga, mo kàn ń bá a ká aṣọ tó ti gbẹ. Ó ń ká etí aṣọ ìnura kan, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Obìnrin tó bá ń fẹ́ òkú, alààyè kan ló kọ́kọ́ já a kulẹ̀."

"Kí ni alààyè náà ṣe é?"

"Kò ṣe é ní nǹkankan. Ó kàn wà nílé bí ẹni tí kò sí nílé ni."

Mo sáré wá bírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún Télọ̀. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Ó ṣì ń ká aṣọ ìnura yẹn nígbà tí mo gbójú sókè.

Ajé, 28 Oṣù Keje

Òjò gbé pàǹtí wọ ẹnu ọ̀nà wa. Ìwé ìtẹ̀wé ti gbówó lórí, yíǹkì náà ò gbẹ́yìn. Orí kẹjọ ti parí.

Tíì dà sí i lára díẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí! Ojú ẹ dà?" Ìwọ! Ó kù díẹ̀ kí n da ìyókù sí i lára kó lè tún un sọ.

Ẹtì, 1 Oṣù Kẹjọ

Nọ́ọ̀sì ò ráyè wá. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo mú aṣọ ìnura, mo ní kó jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Ó di ọrùn aṣọ ẹ̀ mú gírígírí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ́kọ."

Mo ní èmi ni ọkọ náà. Ó wò mí tàánútàánú.

"Ọkọ mi ò tíì darúgbó."

Mo jáde. Mo jókòó sí kọ́rídọ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dá sọ̀rọ̀, títí omi fi tutù. Mo mọ̀ pé tí mo bá wọlé padà ní ohùn Onífọ́tò, á gbà. Mi ò ṣe é. Irú ìyẹn, mi ò ní lè wo ara mi nínú dígí mọ́. Ọ̀sán pọ́n kí Nọ́ọ̀sì tó dé, ó bá àwa méjèèjì níbi tá a wà, ẹnu ilẹ̀kùn ló là wá láàárín.

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Èmi àti Nọ́ọ̀sì jà, nítorí ó bá mi lórí àga Onífọ́tò. Ó ní, "Bàbá, ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ yan ọ̀kan. Ẹ ò lè jẹ́ ọkọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ àlè lọ́sàn-án." Mo ní kó yọ ẹnu ẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ lọ́kọláya. Mo tún sọ àwọn ohun míì tí mi ò ní kọ síbí. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn ti yí agbòjò mi sódì, omi ń kán ní imú mi. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò mí látòkè délẹ̀, ẹ̀rín pa á. "Bàbá, ẹ wọlé, kí òtútù tó sọ ẹ̀yin náà di ẹni inú ìwé." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Tí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á rín. Ó ní òun á máa wá.

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Mo ti ń kọ́ ìyàwó mi ní ìdáhùn fún ọjọ́ tí ọmọ wa bá dé. Mi ò tíì kọ ọ́ síbí tẹ́lẹ̀ nítorí ojú ń tì mí. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn tíì, mo máa ń jókòó síwájú ẹ̀.

"Ta ni mí?"

"Ẹ̀yin lọkọ mi."

"Ó dáa. Ta ni mí?"

"Ẹ̀yin lọkọ mi."

Ó mọ̀ ọ́n sórí báyìí. Ohùn tí àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ fi máa ń ka ìsọdipúpọ̀ ló fi ń sọ ọ́, orí ẹ̀ á máa mì díẹ̀díẹ̀. Lónìí, lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé mo gbà á?"

Mo ní o gbà á. Inú ẹ̀ dùn. Tíṣà tó kọ́ ìdajì àdúgbò yìí níwèé, èmi ni mo sọ ọ́ di ọmọ kíláàsì kìíní. Ó yẹ kí n jáwọ́. Màá tún ṣe é lọ́la, mo mọ ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ

Ìwé náà ò lọ mọ́. Onífọ́tò ò lè jáde ní ṣọ́ọ̀bù, Télọ̀ ò lè gbé inú ṣọ́ọ̀bù títí ayé, bẹ́ẹ̀ Olóòtú ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá fowó ra irú ìwé yìí, kì í ṣe ẹkún ló rà. Mo ti kọ ẹnu ọ̀nà yẹn ní ọ̀nà bíi mélòó kan. Gbogbo ìgbà tí Onífọ́tò bá débẹ̀, ṣe ló máa ń dúró tí mi ò mọ ohun tó dá a dúró.

Ìyàwó mi ti ń béèrè ẹ̀ láti àárọ̀. Mo jókòó fún un.

"Kí ló dé tó o ò lè kọjá ẹnu ọ̀nà?" Ó rántí. Ó máa ń rántí ohun gbogbo nípa Onífọ́tò.

"Mò ń dúró, mà."

"De kí ni?"

"Kí obìnrin yẹn mọ̀ mí. Ẹni tí mò ń lọ bá lọ́jọ́ tí mo kú."

"Ṣé Télọ̀ ni?"

"Mo rò pé òun ni. Ojú ẹ̀ jọ tiẹ̀. Tó bá kàn lè rántí…"

"Kò lè rántí, òun kọ́!" Ó ti ń bínú, ó na ìka sí mi. "O wà nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin olóbìnrin, ò ń wo ojú ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹlòmíì lò ń wá níbẹ̀. O ní kó mọ̀ ọ́. Ìwọ ńkọ́, ṣó o mọ òun?"

Mo wá ìdáhùn nínú orí Onífọ́tò, mo wá a nínú orí tèmi.

"Òdo," ló wí. "Lọ kàwé ẹ wá."

Mo dìde. Ó ti yíjú sí fèrèsé, ó ti gbàgbé pé òun bínú.

Àìkú, 17 Oṣù Kẹjọ

Mo jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́, mi ò mú bírò. Mi ò bi í ta ni mí.

Obìnrin yìí kì í jẹ búrẹ́dì àyàfi tó bá ti rẹ sínú tíì. Ìyàwó tí mo fẹ́ kórìíra búrẹ́dì rírẹ. Ẹ̀rù dígí ń bà á, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sáré ní kọ́rídọ̀, èmi sì ti ń bá a wí nítorí eré sísá. Tó bá ń fọwọ́, ó máa ń kọ orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Tí èèyàn bá kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó fọwọ́ kàn án, kì í jà. Nọ́ọ̀sì ti mọ ìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fẹ́ràn kí ọwọ́ òun máa rí aṣọ ká.

Nígbà tó sùn lọ́sàn-án, mo kọ orí tí Onífọ́tò ti bi Télọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé kí lo fẹ́. Omi ń bọ́ lójú mi sórí ìwé, mo ń nù ún, mo ń kọ ọ́ lọ. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò mọ ẹni tí mò ń sunkún lé lórí, bóyá ẹni tó ti lọ ni, bóyá ẹni tó wà níwájú mi.

Ẹtì, 22 Oṣù Kẹjọ

Òjò dá díẹ̀. Mo ṣí fèrèsé.

Ó pe Onífọ́tò, mo jókòó. Ó ní kí n sún mọ́ òun, òun fẹ́ sọ nǹkan kan tí òun ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó wo ọ̀nà kíṣìnnì dáadáa, ó wá rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá kan wà nínú ilé yìí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àwọn ló ń se tíì fún mi."

Mo ní mo ti rí wọn.

"Wọ́n máa ń sunkún ní báfúróòmù. Wọ́n á ṣí omi sílẹ̀, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Ó dà bíi pé ìyàwó wọn ti lọ, kò sì dágbére fún wọn." Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ti pẹ́ tó ti di ọwọ́ mi mú kẹ́yìn. "Ṣe dáadáa sí wọn. Tó o bá ń wá, máa kí wọn. Má kàn máa wọlé kó o máa kọjá lára wọn."

Mo ní, "Màá máa kí wọn."

"Ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Ọwọ́ ẹ̀ gbóná nínú tèmi. Mi ò lè dìde lórí àga yẹn fún ìgbà pípẹ́, òun náà ò sì ní kí n dìde.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹjọ

Ọmọ wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo fọ gbogbo aṣọ ìyá ẹ̀, mo lọ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì béèrè pé ìrìn àjò ni àbí àlejò, mo tẹra mọ́ aṣọ lílọ̀.

Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fi iyọ̀ sí i.

Ọmọ wa dé kí oòrùn tó mú. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní mo ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ẹ̀, ìyá ẹ̀ sì fọwọ́ pa á lórí, ó ń kí i bí ẹni ń kí òbí ọmọ iléèwé tó wá rí tíṣà. A mu tíì. Níkẹyìn ọmọ wa gbé ife ẹ̀ sílẹ̀, ó nawọ́ sí mi.

"Mọ́mì, ta nìyí?"

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo rò pé ó ti fò lọ. Ṣe lorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yin lọkọ mi," ló wí, ketekete.

Ọmọ wa fọwọ́ bo ẹnu. Ó bú sẹ́kún, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú, mi ò gbà yín gbọ́, ẹ má bínú." Mo lè dákẹ́. Ká sọ pé mo dákẹ́ ni, ó ti parí nìyẹn. Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ mi ní èjìká mi, mo sì ń wo ìyàwó mi láti orí èjìká ọmọ náà. Ó ń wò mí, ó gbé ojú sókè, ó ń retí máàkì ẹ̀.

Mo ní, "O gbà á, Tíṣà."

Inú ẹ̀ dùn. Mo wá sọ fún ọmọ wa pé kó jókòó. Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ní kó bi í ní ìbéèrè míì, èyíkéyìí tó bá fẹ́.

Ó nu ojú ẹ̀, ó yíjú sí ìyá ẹ̀. "Mọ́mì, ibo lọkọ yín wà báyìí?"

"Ó wà níbi iṣẹ́. Ó máa tó dé." Ó tún rò ó, ó wá na ìka sí mi. "Ṣùgbọ́n bàbá yìí ń tọ́jú mi dáadáa. Ẹ má bá wọn jà."

Ọmọ wa ò bá mi jà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá ẹ̀, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ìyá ẹ̀ sì ń fi irun ẹ̀ ṣeré.

Èmi ni mo di ẹrù. Mo sọ ohun gbogbo fún ọmọ wa bí mo ṣe ń dì í. Mo ní kó gbé dígí kọ́rídọ̀ ilé ẹ̀ kúrò. Mo ní kó máa sọ fún un kó tó fọwọ́ kàn án. Mo ní kó má ká gbogbo aṣọ ilé tán, kó máa fi díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó ń kọ ọ́ sórí fóònù ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ kúkú bá wa lọ lónìí." Mo ní ó ku orí kan, Olóòtú ń retí. Ó ní, "Ẹ̀yin àti ìwé!" bí ìyá ẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ mi ò tíì gbà. Mo fẹ́ kó rìn lọ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀ láìsí pé arúgbó kan tí kò mọ̀ rí jókòó tì í nínú ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì wá dágbére, ó bá a tún irun ẹ̀ ṣe. Ìyàwó mi rìn dé ìdí ọkọ̀ láìjà, ó jókòó síwájú, mo so bẹ́líìtì mọ́ ọn lára. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé mo fẹ́ so ó. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ó yọ ojú lójú fèrèsé. "Tí Onífọ́tò bá wá ńkọ́?"

Mo ní màá júwe ibi tó wà fún un. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo rò pé ó ti parí, mo fẹ́ kúrò, ó bá tún di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tèmi, ọwọ́ arúgbó tó ń se tíì.

"Ẹ̀yin náà, sà, ẹ má dá nìkan wà nínú ilé yìí. Ẹ wá ìyàwó yín lọ. Bóyá òun náà ń wá yín."

Mo ní màá wá a lọ. Mo di fèrèsé ọkọ̀ yẹn mú, mi ò fi í sílẹ̀, títí ọmọ wa fi sọ̀ kalẹ̀ wá rọra já ọwọ́ mi kúrò.